Fílítà Kẹrin

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ìfaradà àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ara mi le. Ẹsẹ̀ tí mo fi ṣèṣe lọ́jọ́ tí àkàbà yọ̀ ti san, mo ti ń gùn ún, mo ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Kó má yà yín lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù yẹn. Ẹnìkan ń gbọ́ wa. Tí ènìyàn bá gbé fóònù kejì nínú ilé kan náà, á ta pá díẹ̀, ohùn á sì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló ń pín in. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti kí ara wa tán báyìí ni ohùn yín ń rẹ̀ sílẹ̀. Àwòrán yín tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbé wá sójú ẹ̀rọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù á sì dì, ẹnu yín á là sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ sín. Mo kọ́kọ́ rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Kì í ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ó rí mi lára, màmá. Kí àgbàlagbà jókòó sí kọ̀rọ̀, kó máa lá ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ bí ẹni ń lá abọ́ tí wọn ò bù fún un.

Iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀gbin inú rẹ̀ náà ń lọ. Lánàá mo wọ ilé ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun gbòò, tó ní fóònù òun ń hó. Mo fa àga rẹ̀ kúrò lára ògiri. Gbogbo èékánná ẹsẹ̀ tó ti ń gé láti ọjọ́ pípẹ́ ló wà níbẹ̀. Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, aáyán ti yé sí i. Obìnrin tí mo ti ilé rẹ̀ bọ̀ ṣáájú ní kí n má fi bàtà tẹ kápẹ́ẹ̀tì òun. Mo bọ́ bàtà, ìtọ̀ ológbò sì rin ìbọ̀sẹ̀ mi. Ẹ má sọ èyí fún bàbá. Ẹni tó gun òpó tẹlifóònù títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó wá fi ẹnu ara rẹ̀ búra pé òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí n ó fi fi iṣẹ́ wáyà sílẹ̀, inú wọn á kàn dùn ni.

Fílítà mẹ́ta ló wà nínú páálí yìí. Asẹ́ ni, màmá. Wáyà kan ṣoṣo ni ohùn àti íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, òun ló ń sẹ́ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Fóònù mẹ́ta ló wà nílé: ti pálọ̀, ti yàrá yín, àti ti yàrá àbúrò bàbá. Ẹ yọ fóònù kúrò lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ki fílítà bọ ibẹ̀, kí ẹ wá ki fóònù bọ fílítà. Tí àwòrán bá ṣì ń dì lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ má pè.

Èmi ọmọ yín, tí ọwọ́ mi ń rùn láti àná.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ọmọ mi olówó orí,

Mo kí ọ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ. Lẹ́tà rẹ dé, páálí náà dé, ṣùgbọ́n mi ò jẹ oúnjẹ mi tán lọ́jọ́ náà. Orí oúnjẹ ni mo wà nígbà tí mo kà dé ibi èékánná. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ, ọmọ tèmi. Mo rò pé mo kọ́ ọ.

Ní ti ẹni tó ń gbọ́ wa, o ò sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe Eyínfúnjowó? O mọ̀ pé mi ò lè pe orúkọ àbúrò bàbá rẹ, ọkọ ni gbogbo wọn ń jẹ́ fún mi. Ọjọ́ tí mo wọlé yìí ni mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, nígbà tí eyín ọ̀hún ṣì fún. Wá wò ó báyìí. Tábà ti sọ ọ́ di àwọ̀ ìpẹtà. Kò ní iṣẹ́ kankan ju kó na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kó máa ha kẹ́lẹ̀bẹ̀, kó sì máa fi ìdí fóònù họ ẹ̀yìn. Nígbà tí mo fẹ́ ki fílítà rẹ bọ̀ ọ́, itọ́ ti gbẹ mọ́ ara fóònù náà. Aṣọ ni mo fi dì í mú.

Èyí tó wá dá mi lójú nìyí. Lórí fóònù lo ti sọ fún mi pé àkàbà yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bàbá rẹ tí kò dárúkọ rẹ láti ọdún mẹ́ta gbé síbí sílẹ̀ lórí oúnjẹ, ó ní, ṣé wọ́n ṣì ń ta àkàbà tí kò ní rọ́bà lẹ́sẹ̀ lókè òkun lọ́hùn-ún? Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀. Ó ní òun kàn ń béèrè ni. Ó tún gbé síbí. Ta ló sọ fún un? Eyínfúnjowó ló gbọ́ tiwa, tó lọ tú u sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè rí nǹkan sọ. Tí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwa ló wá ń bọ́ aláǹgbá náà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Mo ki fílítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá rẹ ń kọjá, ó wo ọ̀kan, ó pòṣé, ó ń lọ sí yàrá irinṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ojú rẹ tún dì. Ihò imú rẹ nìkan ni mo wò títí a fi sọ̀rọ̀ tán.

Fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi. Mo mọ ohun tí n ó ṣe.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ fílítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ yín dẹ́rù bà mí.

N kò sọ pé kì í ṣe wọn. Èmi ni mo ń fọ ife tí àbúrò bàbá ń tutọ́ sí nígbà tí mo wà ní kékeré, n ò ní gbàgbé ohun tó ń léfòó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Tí fílítà bá wà lẹ́nu fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò yẹ kí àwòrán dì, ẹni yòówù kó gbé fóònù. Ohùn nìkan ló yẹ kó rẹ̀ sílẹ̀. Ó dì síbẹ̀. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé fílítà yàrá wọn kò wọlé dáadáa. Ẹ lọ tì í, ẹ gbọ́ kó dún. Ìyẹn nìkan ni kí ẹ ṣe.

Níbi iṣẹ́ lónìí, mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lára ògiri ilé ìdáná, ọ̀rá dídì ló tẹ̀ lé e jáde, tòun ti irun nínú. Onílé náà yọjú wò ó. Ó bi mí bóyá èmi ni mo mú un wá.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ pẹ́ kó tó dé. Mo ti jà.

Mi ò bú u o. A kì í bú ọkọ ẹni. Mo kàn ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni, mo sì ń bá ìgbálẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní àwọn kan ń fi ọwọ́ jalè, àwọn kan ń fi etí jalè, pé ti olè etí ló burú jù, torí wọn ò lè gé e. Ó jáde, ó ní ta ni mò ń bá wí. Mo ní ìgbálẹ̀ ni. Ó ní kí n bá òun sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ni mo bá bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Mo fi aṣọ gbé fóònù rẹ̀ kúrò lẹ́nu fílítà, mo jù ú sínú garawa omi ìfọlẹ̀. Ó ní òun kò gbé fóònù gbọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kó fi eyín rẹ̀ búra.

Kò búra. Ó wọlé, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó gba ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ. Bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbè mí, kò gbè é. Nígbà tí ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ tán, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí.

Mo ti fọ yàrá náà. Garawa mẹ́rin ni omi náà dúdú. Pè mí lọ́jọ́ Àìkú kí a sọ̀rọ̀ bí ọmọlúwàbí.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo pè lọ́jọ́ Àìkú gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, ẹ sì gbọ́ bí mo ṣe dákẹ́ lójijì láàárín ọ̀rọ̀. Ohun tó fà á nìyí. A ò tíì kíra tán tí ó fi ta pá. Ohùn yín rẹ̀ sílẹ̀, ojú yín dì. Àbúrò bàbá kò sí nílé. Fóònù wọn wà nínú garawa.

Màmá, a ti lé ènìyàn jáde lórí ohun tí kò ṣe. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀, torí èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ẹnìkan ń gbọ́.

Fóònù kan wà lára wáyà yẹn tí kò ní fílítà. Kò sí ohun mìíràn tó ń ṣe irú èyí. Bàbá ló kọ́ mi nígbà tí wọ́n ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀: sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wáyà ìta ń wọ̀ ni ìyá, àwọn yòókù ni ọmọ. Ìyá wà ní pálọ̀ yín. Ọmọ rẹ̀ méjì ni mo mọ̀, ti yàrá yín àti ti yàrá àbúrò bàbá. Ẹ wo iye wáyà tó jáde láti ara ìyá gba ẹsẹ̀ ògiri. Tí ẹ bá rí ìkẹta, ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ fi ọwọ́ rọra tọ ipa rẹ̀, ẹ má fà á. Ibi tó bá parí sí ni olùgbọ́ wa wà.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ṣé kò sí o? Lẹ́tà kò dé. Mo pè lọ́jọ́ Àìkú, ó dún títí ó fi sú u. Mo pè lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù alágbèéká kì í dé inú ilé yín, ṣùgbọ́n ẹ lè jáde sójú títì kí ẹ tẹ̀ mí láago lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bú mi. Èébú sàn fún mi ju èyí lọ.

Èmi ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo wà láàyè. Ìríra ni kò jẹ́ kí n gbé fóònù, kì í ṣe àìsàn.

Wáyà mẹ́ta ni. Mo tọ ìkẹta gba ẹ̀yìn àga, gba ẹ̀yìn àpótí aṣọ mi, láàárín imí eku àti awọ tí ọmọńlé bọ́ sílẹ̀. Mo ń da ọwọ́ bo imú, mo ń tẹ̀ lé e. Ìdọ̀tí kún gbogbo ibẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà yẹn gún régé. Wọ́n fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́lẹ̀, àyè ọ̀kan sí èkejì kò yàtọ̀ rárá. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń kan ìṣó báyẹn. Ó gba ihò kan lábẹ́ fèrèsé jáde. Yàrá irinṣẹ́ bàbá rẹ ló wọ̀.

Mo dúró dìgbà tó lọ gẹrun. O mọ yàrá yẹn: epo dúdú nílẹ̀, àwọn fóònù òkú tí aáyán ń gbé inú wọn, ife tíì tó ti hu irun. Fóònù kan wà lára ògiri tó ń dán gbinrin. Wọ́n ń nù ún lójoojúmọ́. Àga kan wà níwájú rẹ̀, tìmùtìmù mi tí mo ti ń wá láti ọdún tó kọjá ló sì wà lórí àga náà. Mo gbé fóònù yẹn sí etí, ó ń dún. Mo wo ibi ẹnu rẹ̀. Ó ṣófo. Bàbá rẹ ti tú ohun tó ń gbé ohùn lọ kúrò níbẹ̀, ihò lásán ló kù. A lè máa sọ̀rọ̀ títí di ọ̀la, kò lè dáhùn, a kò sì lè gbọ́ èémí rẹ̀.

Nígbà tó dé, orí tìmùtìmù mi ló bá mi. Mo ní, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ó ní, “Mi ò bá a sọ̀rọ̀.” Ohun tó rí sọ nìyẹn, ọmọ mi. Ó ní òun kò da ìbúra òun. Wọ́n ní à ń fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Èwo ni kí á na ọmọ ní gbangba, kí á wá máa fi etí fà á mọ́ra ní kọ̀rọ̀? Mo gbà bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí mo ṣe ń da ẹ̀gbin lé àbúrò rẹ̀ lórí, kò sì lanu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn sí yàrá tó jẹ́ tìrẹ tẹ́lẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé fóònù kí n tún máa fi ẹnu mi ṣe ọ̀nà fún un.

Mo ti lọ kúnlẹ̀ fún Eyínfúnjowó. Mo ní kí bàbá rẹ bá mi lọ, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo òpó iná. Èmi náà ni mo rojọ́ tiwa méjèèjì. Eyínfúnjowó gbọ́ mi tán, ó ha ọ̀fun, ó ní òun gbé fóònù gbọ́ wa rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí yàrá òun. Ó ní ọ̀rọ̀ eegun orúnkún mi la ń sọ, òun sì sùn lọ. Ó ní òun á ronú sí bíbọ̀.

Ìwé tó wà nínú àpòòwé yìí, bàbá rẹ ló ní kí n fi sí i. Mi ò kà á.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kan náà

Ìwọ oníwáyà,

Ẹnu ni mo fi búra, n kò fi ọwọ́ búra. Nítorí náà mo kọ èyí.

O ní kí ìyá rẹ fi ọwọ́ tọ ipa wáyà. Ó fà á. Ìṣó mẹ́ta ti tú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í rán ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ike tí o fi ránṣẹ́ náà, mo tú ọ̀kan wò. Jákujàku ni, wáyà inú rẹ̀ kò ju irun imú lọ. Ṣé ohun tí ẹ ń tà fún àwọn ènìyàn nìyẹn?

Iṣẹ́ yìí rí mi lára. Òun ni mo fi tọ́ ọ, ó sì rí mi lára. Etí òsì mi ti kú sídìí rẹ̀. Ẹni tí a jọ ń gun òpó já bọ́ níṣojú mi, èmi ni mo ká a nílẹ̀. N kò rán ọmọ mi lọ sókè òkun pé kó lọ máa rá pálá lẹ́yìn àga àwọn onígbọ̀nsẹ̀, n kò sì rán an pé kó gun àkàbà. Fi rọ́bà sí i lẹ́sẹ̀.

Láti ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì yín ti wọlé ni fóònù mi ti ń hó. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Fi fílítà kan ránṣẹ́ fún yàrá irinṣẹ́. Kó jẹ́ èyí tó dára.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìkọ̀wé yín.

N kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti fi rọ́bà sí àkàbà. Ẹ̀gbin ibẹ̀ ń rí mi lára lójoojúmọ́, èmi náà kì í purọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá jáde nílé kan tí fóònù ibẹ̀ kò hó mọ́, inú mi ń dùn, ẹ̀yin ni mo sì ti rí i kọ́. Èyí tó rí mi lára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti rí lẹ́yìn àga ni pé ẹ jẹ́ kí àbúrò yín kó báàgì lọ. Mo ní láti sọ ọ́. Ẹ lọ bá wọn fúnra yín, kí ẹ sì wọ inú géètì.

Fílítà kẹrin nìyí, èyí tó wọ́n. Ohun mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ nínú páálí. Ẹnu fóònù ni. Oníbàárà kan fẹ́ ju fóònù àtijọ́ nù, mo sì tú u lára rẹ̀. Mo fi sípíríìtì nù ún títí, torí n kò mọ ẹni tó ti ń tutọ́ sí i. Tí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ jù ú nù.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ọmọ mi olówó orí,

Mo kí ọ kú ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ta pá bí ìṣe rẹ̀, ohùn rẹ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ kò dì. Mo rí gbogbo rẹ. O ti rù. Kí lo ń jẹ?

Eyínfúnjowó ti padà. Bàbá rẹ ló lọ mú un wá, ó sì wọ inú géètì, mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Yàrá tí mo fọ ti padà sí bó ṣe wà. Ó ti tutọ́ sínú ife tó dára jù nílé, mo sì rọra gbé e lọ fọ̀, mi ò bá ìgbálẹ̀ kankan sọ̀rọ̀. Ìyà mi ni, mo ń jẹ ẹ́.

Ní ti ẹnu fóònù tí o fi ránṣẹ́, bàbá rẹ yí i lọ yí i bọ̀, ó ní ìranù ni. Ó ní kì í ṣe irú ti fóònù òun, pé ó tóbi jù, pé ọmọ tó ní òun mọ iṣẹ́ kò wọn nǹkan kó tó fi í ránṣẹ́. Ó jù ú sórí pẹpẹ láàárín àwọn ìdọ̀tí rẹ̀. Mo ní ó parí nìyẹn.

Láti àárọ̀ àná ni mo ti ń gbọ́ tí irin ń ha nǹkan lẹ́yìnkùlé. Mo lọ yọjú. Ó wọ awò ojú méjèèjì lé ara wọn, ó fi ẹsẹ̀ di ẹnu fóònù náà mú, ó ń fi irin ha etí rẹ̀ kó lè kéré, ó ń fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ó sì ń bú ẹni tó ṣe é. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, iṣẹ́ burúkú ni ọmọ mi fi ránṣẹ́ sí òun, tí ènìyàn bá kánjú sí i, yóò fọ́.

Ó ní kí n sọ fún ọ kí o má pè lọ́jọ́ Àìkú tí lẹ́tà yìí bá kọ́kọ́ bá ọ, òun kò ní tíì parí rẹ̀. Àìkú tó tẹ̀ lé e ni kí o pè.

Èmi ìyá rẹ.